Ta Ni Ó Ni Ẹrù Tó Kù Sílẹ̀ ní Kọ́ọ̀tù?

Bí adájọ́ bá ti ka ìdájọ́ tán, tí wọ́n ti mú ẹlẹ́wọ̀n jáde, tí àwọn lọ́yà ti palẹ̀ ìwé wọn mọ́, ojú gbogbo ènìyàn a kúrò lára ẹjọ́ náà. Àwọn oníròyìn ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń dúró dè: ọdún mélòó ni wọ́n fún un? Èmi kì í lè bá wọn dìde. Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, abẹ́ àbójútó mi ni yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù ẹ̀rí sí wà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀síbíìtì. Ìgbà tí ẹjọ́ bá parí ni iṣẹ́ tèmi ń le sí i. Ọ̀kadà wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, àpò ìrẹsì, fóònù tó kún ọ̀rá, àdá, owó tí wọ́n fi rọ́bà dì, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá kan ní òun fi ń bọ́ ọmọ. Olúkúlùkù wọn ló ní nọ́ńbà, olúkúlùkù wọn ló sì ní ìbéèrè kan tí adájọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn kí ẹrù náà tó kúrò lọ́dọ̀ mi: ta ló ni ín báyìí?

Ìbéèrè yìí ti wà kí Òyìnbó tó dé. Mo ti wá ìdáhùn rẹ̀ kiri nínú ìwé òfin àti ìwé ìtàn láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí mo sì rí ni pé alágbára tó wà nítòsí ìdájọ́ ló máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí ẹrù. Ẹni tí wọ́n jà lólè ló ń gbẹ̀yìn. Ní ti aláìmọwọ́mẹsẹ̀ tí ẹrù tirẹ̀ kàn bá ti ọ̀daràn wà nínú ilé kan náà, kò tilẹ̀ sí lórí ìlà. Gbogbo àtúnṣe tó ti bá òfin yìí, ìlà yẹn ni wọ́n ń tún tò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Láyé àtijọ́, bí ìjòyè ńlá bá jẹ̀bi ọ̀ràn tó kan ọba tàbí ìlú, kì í ṣe òun nìkan ló ń rí i. Wọ́n á kó ilé rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun àti ará ìlú á ya wọ ibẹ̀, wọ́n á kó ẹrú, ẹṣin, aṣọ, owó ẹyọ, ọkà inú àká, títí kan adìẹ tó ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ilé tí mo wí yìí, agbo ilé ni. Àbúrò ìjòyè ń gbébẹ̀ pẹ̀lú aya àti ọmọ tirẹ̀. Ìyàwó kan ní òwò tirẹ̀, ó ń rẹ aró, owó aró kì í sì í ṣe owó ọkọ. Àlejò lè ti sọ ẹrù kalẹ̀ síbẹ̀ lálẹ́ àná kó tó di pé ọ̀ràn bẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dúró bèèrè èyí tó jẹ́ ti onílé àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Yorùbá ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ dúkìá, ọwọ́ látòkè délẹ̀ ni wọ́n ń gé.

Ti ààrá tilẹ̀ le ju èyí lọ. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò sì rí i tẹ̀ jáde títí di 1921, ṣàlàyé bí ó ṣe ń rí bí ààrá bá kọlu ilé ẹnìkan. Ilé náà ti di èyí tí wọ́n lè kó. Àwọn oníṣàngó ló ń wá yọ ẹdùn ààrá, àwọn náà ló ń bu owó ìtanràn lé onílé, kò sì sí ibòmíràn tí onílé lè pe ẹjọ́ náà lọ. Ẹ wo ìyá àgbà tí ìjì fọ́ òrùlé rẹ̀, tó tún ń wá owó kiri láti fi ra ara rẹ̀ padà. Ẹni tó dá a lẹ́bi náà ló ń jẹ nínú ẹ̀bi rẹ̀. Bí owó ìtanràn ìjòyè ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú: ọ̀kẹ́ owó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 20,000 ẹyọ, ń lọ sílé àwọn tó jókòó dájọ́. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, san ìtanràn tí wọ́n bù lé e, kò sì gbà á sílẹ̀. Ní 1874 wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pa á nínú ilé rẹ̀. Mo ti bá àwọn àgbà jiyàn lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an. Wọ́n á máa ka ìwà ìkà rẹ̀ sí mi létí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́rọ̀ bá bá ara rẹ̀ níwájú àwọn tí ọrọ̀ rẹ̀ ń wọ̀ lójú, ó ṣòro láti mọ èyí tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ nínú òun àti ọrọ̀ náà.

Àwọn Òyìnbó tó wá gba kọ́ọ̀tù lọ́wọ́ wa kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá yẹ ilé wọn wò dáadáa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹni tó bá jẹ̀bi ọ̀ràn ńlá pàdánù gbogbo ẹrù rẹ̀ fún ọba. Ilẹ̀ rẹ̀ á padà sọ́wọ́ olúwa tó fún un nílẹ̀, lẹ́yìn tí ọba bá ti jẹ ẹ́ fún ọdún kan àti ọjọ́ kan. Ìyàwó àti ọmọ á jáde lọ́wọ́ òfo. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti ẹni tí wọ́n jà lólè. Bí olè bá jí màlúù rẹ, tó jẹ́ pé ìjọba ló mú un tó sì dá a lẹ́bi, tí ìwọ fúnra rẹ kò lé e kí o sì pè é lẹ́jọ́, màlúù rẹ ti di ti ọba. Bí olè bá ju ẹrù rẹ sílẹ̀ níbi tó ti ń sá lọ, ti ọba náà ni. Wọ́n ní ìyà àìlé olè ni. Ọdún 1529, nígbà Henry Kẹjọ, ni òfin tó yí èyí padà tó jáde: bí olóhun bá jẹ́rìí tí olè sì tipa ẹ̀rí rẹ̀ jẹ̀bi, kọ́ọ̀tù á dá ẹrù padà fún un.

Wọ́n tún ní òfin kan tó ń rán mi létí ti Ṣàngó. Ohunkóhun tó bá pa ènìyàn, ẹṣin ni o, kẹ̀kẹ́ ẹrù ni o, ó di ti ọba, tàbí kí olówó rẹ̀ san iye tí wọ́n bá dá lé e. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, òfin yìí wá di wàhálà fún àwọn olówó. Ní 1841, ọkọ̀ ojú irin kan kọlu yẹ̀pẹ̀ tó ya lulẹ̀ ní Sonning, ènìyàn kú, àwọn tó wádìí ikú náà sì bu £1,000 lé ẹ́ńjìnnì. Ní 1846 wọ́n fagi lé òfin náà. Ní 1870 ni wọ́n wá fagi lé gbígba dúkìá ẹni tó bá jẹ̀bi ọ̀ràn ńlá lápapọ̀. Èkó ti wà lọ́wọ́ wọn láti 1861. Ẹni tó bá ń sọ pé Òyìnbó ló wá kọ́ wa pé kí a má fi ẹ̀ṣẹ̀ baba gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ, kí ó rántí pé àwọn fúnra wọn kò tíì kọ́ ọ nígbà tí wọ́n fi gba Èkó.

Ẹjọ́ dúkìá tó dùn mí jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí, ọmọ Yorùbá fúnra wọn ni ẹrù tí wọ́n gbà. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ó bá Portugal àti Spain ṣe àdéhùn, wọ́n sì dá kọ́ọ̀tù alájọṣe sílẹ̀ ní 1819: ọ̀kan ní Freetown ní Sierra Leone, ọ̀kan ní Havana ní Cuba, ọ̀kan ní Rio de Janeiro ní Brazil. Nínú ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti adájọ́ orílẹ̀-èdè tó ni ọkọ̀ ló ń jókòó pọ̀. Wọn kò ní àṣẹ láti fìyà jẹ àwọn atukọ̀. Ọkọ̀ ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Bí ọkọ̀ bá jẹ̀bi, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ olówó rẹ̀, wọ́n á lù ú ní gbàǹjo, ìjọba méjèèjì á pín owó rẹ̀ dọ́gba. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á di òmìnira.

Ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1821 ni àwọn ọmọ ogun kó ìlú rẹ̀, wọ́n tà á láti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí kan tó ń jẹ́ Esperança Felix. Ní 7 April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Myrmidon mú ọkọ̀ náà. Ní 17 June, Àjàyí gúnlẹ̀ sí Freetown. Gbogbo wa la mọ ohun tó dà lẹ́yìn náà: Samuel Àjàyí Crowther, bíṣọ́ọ̀bù, ẹni tó sọ èdè wa di èdè ìwé. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ní ti kọ́ọ̀tù. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan ní 1837. Wọ́n ti kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí abúlé Bathurst lórí òkè, nígbà tí ìránṣẹ́ dé láti Freetown pé kí wọ́n wá jẹ́rìí ta ko Pọtogí tó ni wọ́n. Ẹnìkan ti sọ ọ́ sí wọn létí pé wọ́n fẹ́ dá wọn padà fún un. Ni wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọn kò lọ. Ìgbẹ̀yìn, pàṣán ni wọ́n fi lé wọn dé kọ́ọ̀tù. Ó ní nígbà tí àwọn padà sí Bathurst nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ayọ̀ ńlá ni.

Mo ti tọ́jú ẹ̀síbíìtì fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì lè ka ibẹ̀ kí ara mi má bù mọ́ mi. Àwọn ọmọ yẹn ni ẹrù tí wọ́n gbà, àwọn náà ni ẹlẹ́rìí. Òfin tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ wà lórí ìwé, àdéhùn wà, adájọ́ wà, síbẹ̀ kò sí ohun kan nínú gbogbo rẹ̀ tó dé etí wọn bí kò ṣe àhesọ àti pàṣán.

Ẹ wá wo ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ. Gbàǹjo Freetown ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá lówó, àwọn tó sì nílò ọkọ̀ tó yára jù lọ ni àwọn tó ń ṣòwò ẹrú. Wọ́n á rán aṣojú wá, á ra ọkọ̀ tí kọ́ọ̀tù ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lẹ́bi, ọkọ̀ náà á sì padà sí etíkun wa láti tún kó àwọn mìíràn. Ọkọ̀ ogun á tún mú un, kọ́ọ̀tù á tún dá a lẹ́bi. Owó ń wọlé fún ìjọba méjèèjì ní gbogbo ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀. Ó di 1835 kí àdéhùn tuntun láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Spain tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa tú ọkọ̀ tó bá jẹ̀bi palẹ̀, kí wọ́n sì ta pákó àti irin rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún 16 ni wọ́n fi ta ọkọ̀ fún ọ̀daràn kí wọ́n tó ronú kan àáké.

Ní Havana àti Rio, àwọn ènìyàn gan-an ni wọ́n ń jẹ èrè lára wọn. Kọ́ọ̀tù á ní wọ́n ti dòmìnira, ìjọba á sì fà wọ́n lé olówó lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa sìn ín títí wọn yóò fi mọ ayé. Ní Brazil, ọdún 14 ni wọ́n kọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ sì sìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Lukumí ní Cuba àti àwọn Nagô ní Brazil wà lára wọn. Ìdájọ́ dára. Bí wọ́n ṣe ṣe ẹrù lẹ́yìn ìdájọ́ ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí kọ́ọ̀tù ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, òfin tí wọ́n kó wá ti kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀. Òfin títa àti ríra ọjà ti 1893, tó di ara òfin wa, sọ pé bí olè bá ti jẹ̀bi, ẹrù padà di ti olóhun, kódà bí ẹlòmíràn bá ti rà á lọ́wọ́ olè náà. Èyí dára fún olóhun, ó sì korò lẹ́nu ẹni tó fi owó rere ra ọjà lọ́jà. Mo ti rí ọkùnrin kan tó sunkún níwájú mi nítorí jẹnẹrétọ̀ tó rà, tó ní rìsíìtì rẹ̀, tí adájọ́ sì ní kí n gbé fún ẹlòmíràn. Òfin wà lẹ́yìn adájọ́. N kò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi tù ú nínú.

Nínú ọgbà kọ́ọ̀tù, ọ̀tá ẹrù ni àkókò. Ẹni tí ilé ẹjọ́ gíga bá dá lẹ́bi ní 90 ọjọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, bí ó bá sì pè é, ẹrù ń dúró. Ẹjọ́ lè gòkè lọ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kó sì lo ju ọdún mẹ́wàá lọ. Mọ́tò tó dé pẹ̀lú táyà mẹ́rin tó ń dán, igi á hù láàárín ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé á dé pé kí a dá a padà fún olówó rẹ̀. Nǹkan tó bá lè bàjẹ́ kíákíá ní ètò tirẹ̀: tòmátì, ẹja, àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀, adájọ́ lè ní kí a tà á, kí owó rẹ̀ wọ àpò kọ́ọ̀tù títí ẹjọ́ á fi parí. Ti àwọn ewúrẹ́ kan tí wọ́n kó wá ṣe ẹ̀rí ló yé mi jù. A ya fọ́tò wọn, olóhun fọwọ́ sí ìwé pé òun á kó wọn wá bí a bá bèèrè, ó sì kó wọn lọ sílé. Kí ẹjọ́ náà tó parí, méjì nínú wọn ti bímọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bèèrè pé kí ló dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọ̀kadà, nígbà tó jẹ́ pé fọ́tò àti ìbúwọ́lùwé kan náà ló ń fẹ́. Òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn tuntun tí Èkó gbé jáde ní 2007, tí ìjọba àpapọ̀ sì gbé tirẹ̀ jáde ní 2015, gbìyànjú láti mú ẹjọ́ yára. Ó ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ju bí ó ti ran ẹrù lọ.

Nínú gbogbo ẹjọ́ dúkìá tí ilẹ̀ yìí ti rí, ọ̀kan wà tí mo máa ń fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ wa ló ti ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966, wọ́n fẹ́ mọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́ ṣe rí owó kọ́lé. Ìfẹ́ tó tọ́ ni. Ní 1967, ìjọba ológun ní Ìbàdàn ṣe òfin nọ́ńbà 5, ó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀ tí Adájọ́ Ṣómólú ṣe alága rẹ̀. Ní 31 August 1967, ìgbìmọ̀ náà pàṣẹ pé kí E. O. Lákànmí àti Kíkẹ́lọmọ Ọlá má ṣe ta ilé wọn tàbí kí wọ́n fi tọrẹ, kí owó tí àwọn ayálégbé ń san sì máa wọ àpò ìjọba. Àwọn méjèèjì gba kọ́ọ̀tù lọ. Rótìmí Williams ni lọ́yà wọn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló mú kí ẹjọ́ yìí le. Ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé òfin ológun nọ́ńbà 45 ti 1968 jáde. Òfin náà ní gbogbo àṣẹ tí ìgbìmọ̀ ti pa lórí dúkìá fìdí múlẹ̀, kọ́ọ̀tù kankan kò sì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe òfin fún gbogbo ènìyàn: orúkọ àwọn tí wọ́n ń bá jà wà nínú rẹ̀. Ní 24 April 1970, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, tí Sir Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá ṣe Adájọ́ Àgbà rẹ̀, dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní èyí kì í ṣe òfin rárá, ìdájọ́ ni, ìjọba kan kò sì lè jókòó kí ó fi orúkọ pe ènìyàn kí ó gba dúkìá rẹ̀ lábẹ́ àwọ̀ òfin. Wọ́n fagi lé e. Àwọn adájọ́ yìí mọ̀ pé àwọn ọkùnrin tó ní ìbọn ni wọ́n ń bá wí.

Ayọ̀ náà kò pé oṣù kan. Ní May 1970, ìjọba ológun gbé òfin nọ́ńbà 28 jáde, ó ní ìjọba ológun ló ga ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìdájọ́ tó bá ta ko òfin rẹ̀, asán ni. Báyìí ni wọ́n ṣe pa ìdájọ́ náà, wọn kò sì fi àyè sílẹ̀ fún kọ́ọ̀tù láti tún sọ̀rọ̀. Láti ìgbà yẹn, ìgbìmọ̀ ló ń gba dúkìá lọ́wọ́ ènìyàn títí ológun fi lọ: lábẹ́ Murtala, mẹ́wàá nínú gómìnà ológun 12 ni wọ́n ní wọ́n jẹ̀bi, ìjọba sì gba dúkìá lọ́wọ́ wọn, lábẹ́ Buhari ní 1984, òfin nọ́ńbà 3 gbé ìgbìmọ̀ tí ológun ń ṣe alága rẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn olóṣèlú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí jalè, n kò ní gbè wọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ìjọba bá gba ilé láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rojọ́ níwájú adájọ́ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ìjọba tó bá tẹ̀ lé e lè fi ìwé kan ṣoṣo dá ilé náà padà fún olè, àwa ará ìlú kò sì ní rí ẹ̀rí kankan kà láti fi ta kò ó.

Ẹjọ́ tó mú inú mi dùn dé ní 2005, ní ilé ẹjọ́ gíga Ìkẹjà. Láàárín 1995 sí 1998, àwọn gbájú-ẹ̀ kan láti ilẹ̀ wa ti lu báńkì Noroeste ní São Paulo ní jìbìtì mílíọ̀nù 242 dọ́là, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ pápákọ̀ òfurufú sí Àbújá. Báńkì náà wó. Àjọ EFCC tó ń gbógun ti jìbìtì gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n jẹ̀bi, Adájọ́ Oyèwọlé sì fi wọ́n sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fa ìlà sí nídìí nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ náà ni pé adájọ́ ní kí ilé àti owó padà sọ́dọ̀ àwọn ará Brazil tí wọ́n lù ní jìbìtì. Ẹni tí wọ́n jà lólè, òun ló wà níwájú ìlà. Àwọn ènìyàn bínú nígbà náà pé kí ló dé tí owó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Mo dáhùn pé torí pé tiwọn ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin jìbìtì ti 2006 dé, abala 17 rẹ̀ sì yí gbogbo nǹkan padà. Kò pọn dandan mọ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ̀bi. Àjọ náà á lọ bá adájọ́, á ní dúkìá yìí fara jọ èrè ọ̀ràn, tàbí kò ní olówó. Adájọ́ á pa àṣẹ onígbà díẹ̀. Wọ́n á tẹ ìkìlọ̀ sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun ló ni ín kó yọjú láàárín 14 ọjọ́. Bí kò bá sí ẹni tó yọjú, tàbí tí ẹni tó yọjú kò lè ṣàlàyé, àṣẹ àṣekágbá á dé. Bí wọ́n ṣe ṣe ti owó Ìkòyí nìyẹn ní 2017: $43,449,947, pẹ̀lú £27,800 àti ₦23,218,000, tí wọ́n bá nínú ilé kan ní Osborne. April ni wọ́n rí i, 6 June ni Adájọ́ Muslim Hassan sọ ọ́ di ti ìjọba àpapọ̀. Ní May 2022, òfin tuntun lórí èrè ọ̀ràn tún jáde, ó ní kí owó dúkìá tí wọ́n bá gbà máa wọ àkáǹtì kan ṣoṣo ní báńkì àpapọ̀, kí títà rẹ̀ sì máa jẹ́ ní gbangba. Ó yẹ kí ó ti wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Mo fara mọ́ abala 17. Mo ti rí àwọn tó kú sórí owó ìlú kí ẹjọ́ tó parí, tí àwọn ọmọ wọn sì jogún un láìsí ìbéèrè. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń bọ̀ wá kan ìyàwó aláró ayé àtijọ́ ni ìkìlọ̀ yẹn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, sínú ìwé ìròyìn tí ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági kì í rà. Ilé tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ lè jẹ́ pé owó èésú rẹ̀ ló fi kan òrùlé rẹ̀, kó sì jẹ́ pé orúkọ ọkọ ló wà lórí ìwé nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó lè jẹ́ ilé ẹbí, tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́fà, tí ọmọ kan ṣoṣo tó ń ṣe gbájú-ẹ̀ ti lọ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Ọjọ́ 14 á kọjá. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ni wọn á tó mọ̀. Kò ṣòro láti ka ìkìlọ̀ náà lórí rédíò ní èdè tí àdúgbò ń sọ, ní àsìkò tí wọ́n ń kéde òkú, tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn Yorùbá bíi Aláròyé. Kò ṣòro láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé náà fúnra rẹ̀ ní Yorùbá lọ́jọ́ tí àṣẹ onígbà díẹ̀ bá jáde. Mo ti sọ ọ́ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ṣì ń sọ ọ́.

Àwọn ènìyàn ṣì ń wá bá mi nílé lórí ọ̀rọ̀ yìí, obìnrin ló pọ̀ jù. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò lọ bẹ ọlọ́pàá. Kí wọ́n kó rìsíìtì jọ, ìwé báńkì, ìwé èésú bí alájọ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ bíríkìlà àti káfíńtà tó ṣiṣẹ́ ilé náà, ìwé ilẹ̀ bó bá wà. Kí wọ́n lọ búra sí i ní kọ́ọ̀tù. Kí lọ́yà wọn sì béèrè nọ́ńbà ẹjọ́ náà lọ́wọ́ akọ̀wé kí ọjọ́ 14 tó pé. Lọ́yà tiwọn ni mo wí. Lọ́yà ọkọ ń jà kí ọkọ má lọ sẹ́wọ̀n, bí wọ́n bá sì ní kó yọ̀ǹda ilé kí ẹ̀wọ̀n lè dín kù, á yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́jọ́ náà.